Àbá Kí Ìwádìí Tó Bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: Olùkọ́ wa ní kí n kọ àbá sílẹ̀ kí n tó ṣèwádìí. Ṣé kì í ṣe ìdájọ́ láìgbẹ́jọ́ nìyẹn? Akẹ́kọ̀ọ́, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Rárá o, àfi bí àbá náà kò bá ṣeé já nírọ́. Ní 1961, Dókítà Adéoyè Lambo ti ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò àti Alexander Leighton ará Amẹ́ríkà ń dán àbá kan wò: abúlé tí àjọṣe rẹ̀ ti dàrú ni àìsàn ọpọlọ yóò ti pọ̀ jù. Àbá yìí ló jẹ́ kí wọ́n mọ irú abúlé tí wọn yóò fi wéra nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ká ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn ni, àbá ti ṣubú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Kọ àbá tìrẹ sílẹ̀, má sì yí i padà nígbà tí èsì bá dé.