Ìlú Orí Omi Ní Ìgbà Òtútù: Ohun Tí Mo Rí Kọ́ Ní Fẹ́níìsì

Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ orúkọ ìlú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Venice, tí àwọn ọmọ onílùú ń pè ní Venezia, tí èmi yóò máa pè ní Fẹ́níìsì nínú àpilẹ̀kọ yìí. Shakespeare ni ó fi ìlú náà mọ̀ wá: oníṣòwò tí gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹran ara rẹ̀, àti Othello, ọ̀gágun aláwọ̀ dúdú tí owú bà jẹ́. A ka àwọn ìwé wọ̀nyí, a yege ìdánwò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún wa bí odidi ìlú ṣe lè dúró láàárín omi fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí ó má rì. Èyí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò. Ìbéèrè kan tún wà tí ó le ju ti omi lọ, a ó bá a pàdé bí ọ̀rọ̀ bá ti ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀, láti àárín oṣù kọkànlá títí wọ inú oṣù kejìlá ọdún 2024. Ìgbà òtútù ni. Àwọn ojúlùmọ̀ mi ní kí ló ń lé mi, nítorí ìgbà ooru ni gbogbo ayé ń rọ́ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìgbà ooru, àlejò ti bo onílé mọ́lẹ̀. Ìpàkọ́ ènìyàn ni ojú ń rí, kì í ṣe ìlú. Ní ìgbà òtútù, kùrukùru a máa bo ojú omi láàárọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kí ẹ tó rí ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Òtútù náà kì í ṣe kékeré, nítorí ọ̀rinrin inú rẹ̀ ń wọ ara dé egungun. Síbẹ̀, ìgbà náà gan-an ni ìlú ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lójú ẹni. Mo rí àwọn tí ń kó pàǹtí, tí wọ́n ń ti ọmọlanke dé etí omi, tí wọ́n sì ń dà á sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń ru bíríkì, ọtí, aṣọ tí ilé ìtura fẹ́ fọ̀, àti aláìsàn tí a ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Òkú pàápàá, ọkọ̀ ni ó ń gbé e lọ sí San Michele, erékùṣù tí ó jẹ́ itẹ́ òkú ìlú. Mọ́tò kò wọ inú ìlú rárá. Ọdún 1846 ni wọ́n tó fi afárá rélùwéè so ó mọ́ ilẹ̀ gbígbẹ, ti mọ́tò sì di ọdún 1933. Ibi tí afárá yìí parí sí ni mọ́tò gbogbo ń dúró.

Igi, Ẹrọ̀fọ̀ àti Orúkọ

Inú ọ̀sà ni Fẹ́níìsì wà, lórí àwọn erékùṣù kéékèèké tí iye wọn ju 100 lọ, tí afárá tí ó ju 400 lọ so pọ̀. Ẹrọ̀fọ̀ ni ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó gé igi láti inú igbó orí òkè, wọ́n gbẹ́ ẹnu wọn ṣóńṣó, wọ́n sì ń gbá wọn wọ inú ẹrọ̀fọ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún títí wọn yóò fi kan amọ̀ líle. Orí igi ni wọ́n tẹ́ pákó sí. Orí pákó ni wọ́n to òkúta funfun láti Istria sí, òkúta tí omi kì í tètè wọ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó mọ bíríkì lé e. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí igi wọ̀nyí kò jẹrà. Afẹ́fẹ́ kò dé ìsàlẹ̀ ẹrọ̀fọ̀, ohun tí ń jẹ igi lójú omi kò sì lè gbé ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Òkè ni ewu wà. Bí omi iyọ̀ bá ga kọjá òkúta tí ó kan bíríkì, bíríkì a fà á mu, iyọ̀ a sì máa jẹ ògiri díẹ̀díẹ̀.

Yorùbá ní omi kì í lọ́tàá, ṣùgbọ́n omi tí ó yí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ká kò ṣeé mu. Omi òjò ni wọ́n ń mu. Ní àárín gbàgede kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ẹnu kànga òkúta kan tí wọ́n ti fi ìdérí dí pa. Kì í ṣe pé ó kan omi abẹ́ ilẹ̀; agbada ńlá ni wọ́n gbẹ́, wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ẹ nínú, wọ́n kó iyanrìn sí i, òjò tí ó bá rọ̀ sí gbàgede a sì gba inú iyanrìn yìí mọ́ kí ó tó dé ojú kànga. Ọdún 1884 ni omi ẹ̀rọ tó dé láti ilẹ̀ gbígbẹ.

Àwa tí a ń kọ́ nípa èdè yóò gbádùn orúkọ òpópónà wọn. Ẹ̀ka-èdè wọn kò gba ọ̀rọ̀ tí ìyókù Ítálì ń lò. Calle ni wọ́n ń pe ojú ọ̀nà tóóró, rio ni kánáàlì kékeré. Gbàgede gbogbo ni campo, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí pápá, nítorí pé koríko ń hù níbẹ̀ rí. Ti San Marco nìkan ni wọ́n gbà kí ó jẹ́ piazza. Èyí tí ó wù mí jù ni rio terà, kánáàlì tí wọ́n ti fi ilẹ̀ dí. Ènìyàn lè máa rìn lórí rẹ̀ lónìí láìfura pé ọkọ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà kan. Kò sí omi mọ́, kò sí afárá mọ́, orúkọ nìkan ni ó ṣẹ́ kù tí ń jẹ́rìí.

Omi Gíga

Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní ni acqua alta, èyíinì ni omi gíga, wọ́pọ̀ jù. Òkun Adriatic dà bí ọpọ́n gbọọrọ tí ìdí rẹ̀ dí ní ìhà àríwá, níbi tí Fẹ́níìsì wà. Bí òṣùpá bá ti mú òkun kún, tí ẹ̀fúùfù tí wọ́n ń pè ní scirocco sì ń fẹ́ láti ìhà gúúsù, omi a rọ́ lọ sí ìdí ọpọ́n náà, kò sì ní rí ibi gbà jáde. Ìlú náà sì ti rẹlẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ìwọ̀n òkun ti ọdún 1897 ni wọ́n ṣì fi ń ka gíga omi. Láti ìgbà náà, omi ti fi ohun tí ó ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ara rẹ̀ ni òkun tí ń ga, ara rẹ̀ sì ni omi abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ Marghera, ní òdìkejì ọ̀sà, ń fà mu kí wọ́n tó dá wọn dúró ní àárín 1970 sí 1980.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 1966 ni wọn kò ní gbàgbé. Omi ga dé sẹ̀ǹtímítà 194, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọjọ́ kan gbáko kí ó tó fà. Epo tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná tú sínú omi náà, dúdú rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìdílé púpọ̀ tí ń gbé ìsàlẹ̀ ilé kó jáde nígbà náà, wọn kò padà mọ́. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 2019, ó tún dé 187.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ìgbà ni omi náà ń ya wọ̀lú bí Ògùnpa ti ya wọ Ìbàdàn ní ọdún 1980. Mo dúró ní San Marco ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan: ojú ihò tí òjò ń gbà ṣàn lọ ni omi ti ń sun jáde, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, títí ó fi bo ìdajì gbàgede. Àwọn òṣìṣẹ́ to pákó gíga tí ènìyàn ń tọ̀ kọjá. Àwọn onílé wọ bàtà rọ́bà, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Kí ó tó di ọ̀sán, omi ti padà síbi tí ó ti wá.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó gba àfiyèsí mi jù ni fèrè ìkìlọ̀ wọn. Obìnrin àgbàlagbà kan tí ó ni ìsọ̀ ìwé àti gègé nítòsí Rialto ni ó fi ẹnu kọ ọ́ fún mi. Fèrè a kọ́kọ́ ké gbọọrọ láti ta àwọn ènìyàn jí. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọ̀rọ̀ gan-an yóò dé: bí ohùn kan ṣoṣo bá dún tí kò yí padà, omi yóò dé 110 nìyẹn, ohùn méjì tí èkejì ga ju ti ìṣáájú ni 120, mẹ́ta tí ń gùnkè ni 130, mẹ́rin ni 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní láti orí ibùsùn ni òun ti ń mọ̀ bóyá kí òun dìde kó ìwé orí pẹpẹ ìsàlẹ̀ sókè, tàbí kí òun padà sùn.

Inú mi dùn, nítorí ó dà bí ẹni pé mo bá ìlù wa pàdé níbi tí n kò fojú sí. Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Dùndún ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Gbólóhùn ló ń sọ, ẹni tí kò bá gbọ́ èdè Yorùbá kò lè túmọ̀ rẹ̀, àyè sì wà fún kí etí méjì gbọ́ ọ sí ohun méjì. Fèrè Fẹ́níìsì kò ní gbólóhùn nínú. Iye ni ó ń kà, àṣìgbọ́ kò sì sí níbẹ̀. Bí ẹ bá bi mí, àárín àrokò ni n ó fi í sí. Ẹni tí ó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa ohùn lè bá mi jiyàn.

Nísinsìnyí, fèrè náà kò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ bí i ti tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àwọn ìlẹ̀kùn irin tí wọ́n ń pè ní MOSE. Méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n, wọ́n sì wà ní ẹnu ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí òkun ń gbà wọ ọ̀sà: Lido, Malamocco àti Chioggia. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sùn sí ìsàlẹ̀ omi, tí omi kún inú wọn. Bí wọ́n bá ti rí i pé òkun yóò dé 110, wọn a fẹ́ atẹ́gùn sínú wọn, omi a tú jáde, ìlẹ̀kùn a sì léfòó dìde dí òkun lọ́nà. Owó tí ó ju bílíọ̀nù márùn-ún yúrò lọ ni ó bá a lọ. Ní ọdún 2014, wọ́n mú ènìyàn tí ó lé ní ọgbọ̀n lórí ẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó rọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ wò ó, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni ìlẹ̀kùn náà kọ́kọ́ gba ìlú sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kọkànlá ọdún 2022, òkun ga ju 160 lọ níta, ṣùgbọ́n ìlú kò mọ̀ ọ́n lára. San Marco tí mo rí tí omi bò, ó rẹlẹ̀ débi pé omi ń dé ibẹ̀ kí ó tó di ìwọ̀n tí wọ́n ń gbé ìlẹ̀kùn sókè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi tún fi gíláàsì ṣe ọgbà yí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀ ká ní ọdún 2022.

Ta Ni Ó Kù Nílé?

Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kọkànlá ni ọdún Salute. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1630 sí 1631 pa ènìyàn tí ó ju 40,000 lọ níbẹ̀; wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria della Salute láti san án. Lọ́dọọdún, wọn a na afárá fún ìgbà díẹ̀ sórí kánáàlì ńlá, ìlú a sì gba orí rẹ̀ lọ tan àbẹ́là. Mo bá wọn gòkè. Arúgbó ń fi ọ̀pá rìn, ìyá ń fa ọmọ lọ́wọ́, ẹ̀ka-èdè ìlú náà ni mo ń gbọ́ níwájú àti lẹ́yìn. Wọ́n fún mi ní castradina jẹ, ọbẹ̀ ẹran àgùntàn tí a fi iyọ̀ sí tí a sì yan lójú èéfín, pẹ̀lú kábéèjì. Bí ẹ bá ń wá ọmọ Fẹ́níìsì, ọjọ́ náà ni ẹ ó rí i.

Wọn kò pọ̀ mọ́. Ní ọdún 1951, àwọn tí ń gbé àárín ìlú tó nǹkan bí 175,000. Ní ọdún 2022, wọn kò pé 50,000. Ilé ìtajà òògùn kan wà lẹ́bàá Rialto tí ó gbé pátákó sí fèrèsé, tí ó ń kọ iye wọn sí i bí ó ti ń dín kù, bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì ń kọ bí ara aláìsàn ṣe gbóná tó. Kì í ṣe omi ni ó lé wọn. Owó ilé ni. Ẹni tí ó bá ní yàrá méjì yóò rí owó ju ti ayálégbé lọ bí ó bá fi gba àlejò ọjọ́ mẹ́ta. Ìsọ̀ tí ń ta ìṣó àti bọ́tìnnì a di ìsọ̀ tí ń ta ìbòjú. Àwọn ọ̀dọ́ a kó lọ sí Mestre lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìbéèrè tí mo ní ó le ju ti omi lọ nìyí: bílíọ̀nù márùn-ún yúrò tí wọ́n fi dí òkun, ta ni wọ́n ń gba ìlú náà sílẹ̀ fún?

Ayétòrò ni ó sọ sí mi lọ́kàn, ìlú àwọn ará wa Ìlàjẹ ní etí òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947. Àwọn náà mọ bí a ti ń ri òpó igi mọ́ ẹrọ̀fọ̀ kọ́lé. Òkun ti gbé ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti itẹ́ òkú lọ níbẹ̀. Títí di ìgbà tí mo lọ sí Fẹ́níìsì, kò tíì sí odi tí ó lè dá omi náà dúró, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò gbà láti lọ. Wọ́n ń tú ilé, wọ́n ń tún un kọ́ sẹ́yìn. Níbì kan, odi ti dé, onílé ń lọ. Níbì kejì, onílé jókòó, wọ́n ń retí odi.

Mo bi obìnrin oníwèé yẹn bóyá yóò gbé ìsọ̀ náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní ọmọ náà ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n Mestre ni ó ń gbé. Mestre ni èmi náà wọ̀ sí, nítorí pé n kò lè san owó yàrá inú ìlú. Láàárọ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń wọ bọ́ọ̀sì wá ṣílẹ̀kùn ìsọ̀ ìyá rẹ̀, ní agogo méje alẹ́ ni ó ń tì í padà. Bọ́ọ̀sì kan náà ni àwa méjèèjì jọ ń wọ̀ lọ.