Ààbò Lórí Ẹ̀kọ́ Inú Fóònù Nígbà Àjàkálẹ̀-Àrùn

Nígbà tí àrùn kòrónà gbilẹ̀ káàkiri ayé ní ọdún 2020, ìjọba orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Gẹ́gẹ́ bí àjọ UNESCO ti wí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn ju bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ. Ní ilẹ̀ wa, Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ìpínlẹ̀ Ògùn fi rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ní fóònù àti owó dátà ń bá olùkọ́ wọn pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà méjèèjì kò rí bákan náà rárá. Rédíò a máa sọ̀rọ̀, kì í gbọ́ràn. Kò mọ ẹni tí ó ń gbọ́ ọ, kò sì mọ ilé onítọ̀hún. Fóònù ní ojú, ó ní etí, kì í sì í gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ Zoom wò, áàpù tí a fi ń ṣe ìpàdé. Ní òpin ọdún 2019, àwọn tí ń bá a pàdé lóòjọ́ tó mílíọ̀nù 10. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, wọ́n ti di mílíọ̀nù 200. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni a ṣe é fún, kì í ṣe ọmọdé. Bí olùkọ́ kò bá fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ti ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni tí nọ́ńbà ìpàdé bá tẹ̀ lọ́wọ́ lè wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri yìí lanu gbàgà. Ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, àlejò tí ẹnì kan kò pè já wọ inú kíláàsì, ó bú èébú, ó sì kígbe àdírẹ́ẹ̀sì ilé olùkọ́ sí etígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ. Ní Singapore, àwọn kan gbé àwòrán ìṣekúṣe wọ inú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì. Ìjọba ibẹ̀ dá lílo Zoom dúró fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù Kẹrin kan náà ni ilé-iṣẹ́ náà sọ ọ́ di àṣà pé kí àlejò dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí olùkọ́ yóò fi gbà á wọlé.

Àlejò aláriwo kò ṣòro lé jáde. Ní tèmi, ẹni tí ó dákẹ́ ni ó léwu jù. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, àṣírí tú pé Zoom orí iPhone ń fi ìròyìn nípa fóònù ránṣẹ́ sí Facebook, ìbáà jẹ́ pé olúwarẹ̀ kò sí lórí Facebook. Kíá ni wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ Human Rights Watch gbé ìwádìí jáde lórí ètò ẹ̀kọ́ tí ó lé ní 160, èyí tí ìjọba orílẹ̀-èdè 49 ti fọwọ́ sí. Nínú 100, bí 89 ni ó ń rú ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ tàbí tí ó lè rú u. Ọ̀pọ̀ áàpù ọ̀fẹ́ ni a fi irinṣẹ́ àwọn apolówó-ọjà kọ́, irinṣẹ́ wọ̀nyí a sì máa ròyìn fún ẹni tí ó ni wọ́n.

Àwọn kan a máa dá òbí lẹ́bi pé wọ́n tẹ “Mo gbà” láìkà á. Ẹ̀bi wo ni tiwọn? Bí wọn kò bá gbà, ọmọ kò ní rí ẹ̀kọ́ kọ́.

Òfin ààbò ìròyìn ara-ẹni tí a fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 béèrè pé kí a gba àṣẹ òbí kí a tó lo ìròyìn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lè wo inú fóònù yín, níbi tí a kọ àṣẹ tí a fún áàpù kọ̀ọ̀kan sí. Kí ni áàpù tí ń kọ́ni ní ìṣirò fẹ́ fi orúkọ gbogbo ẹni tí bàbá yín ń pè ṣe?