Oúnjẹ Díẹ̀, Ìsinmi Díẹ̀: Ẹ̀kọ́ Nípa Ìtọ́jú Ẹni Tí Oògùn Jẹjẹrẹ Ń Mú Bì

Oúnjẹ ni ọ̀nà tí àwọn ènìyàn wa fi ń fi ìfẹ́ hàn. Ní Òrè, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Benin, àwọn arìnrìn-àjò a máa sọ̀kalẹ̀ láti jẹun kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Ní Odígbó, àlejò kì í wọ ilé kí a má fi nǹkan síwájú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ìkòkò ni àwọn ará ilé kọ́kọ́ ń gbé ka iná. Ìwà rere ni èyí. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí àwo oúnjẹ tí ó kún lè di ìjìyà fún aláìsàn, ìgbà náà sì ni ìgbà tí a bá ń fi oògùn líle wo àrùn jẹjẹrẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ilé kan ní Odígbó. Ìyá ilé náà ní jẹjẹrẹ ọmú. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a fa oògùn sí i ní iṣan ní ilé ìwòsàn ńlá, ó sì padà sí ilé ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti gún iyán, ó sì ti se ẹ̀gúsí tí ó kún fún ẹja gbígbẹ. Bí òórùn ọbẹ̀ náà ti kan ìyá ní imú, ó bì. Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́, ó wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ìyá mi, ẹ fi agídí jẹ ẹ́, kí ẹ lè ní agbára." Ìyá jẹ òkèlè méjì, ó sì tún bì. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá wí pé, "Èmi kò ní padà lọ mọ́. Bí ó bá ṣe oògùn ìyè ni, kì bá tí ṣe mí báyìí."

Ewu ńlá inú ọ̀ràn yìí ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn náà. Ẹni tí èébì dẹ́rù bà, tí ó sì fi ìtọ́jú sílẹ̀ ní àárín, ti fi àyè sílẹ̀ fún àrùn láti tún gbilẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ran aláìsàn lọ́wọ́ kí èébì dínkù ti ràn án lọ́wọ́ láti parí ìtọ́jú rẹ̀.

OHUN TÍ Ó Ń FA ÈÉBÌ NÁÀ

Jẹjẹrẹ jẹ́ àrùn tí sẹ́ẹ̀lì ara, èyíinì ni àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara, ń pọ̀ sí i láìní ìjánu. Oògùn náà a máa kọlu ohunkóhun tí ó bá ń yára pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n awọ inú ìfun àti irun orí pẹ̀lú a máa yára sọ ara wọn di ọ̀tun. Nítorí náà oògùn a máa bà wọ́n jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí ìfun ti ń fara gbọgbẹ́, ó ń tú ohun kan tí à ń pè ní serotonin jáde, èyí tí ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé kí ara bì. Kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tá ni, kì í sì í ṣe àìgbọràn aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ èébì kò fi hàn pé oògùn ń ṣiṣẹ́, àìsí èébì kò sì fi hàn pé kò ṣiṣẹ́.

OÒGÙN TÍ Ń DÁ ÈÉBÌ DÚRÓ

Ní ọdún 1978 ni a fọwọ́ sí oògùn jẹjẹrẹ tí ń jẹ́ cisplatin ní Amẹ́ríkà. Ó wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn, ṣùgbọ́n èébì rẹ̀ le púpọ̀. Ní ọdún 1991 ni a fọwọ́ sí ondansetron níbẹ̀, èyí tí ń dí ọ̀nà tí serotonin fi ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Láti ìgbà náà wá, ìtọ́jú yìí ti rọrùn ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn oníṣègùn tún máa ń lo dexamethasone, metoclopramide àti olanzapine, gẹ́gẹ́ bí ó bá ti yẹ.

Òfin pàtàkì ni pé kí a lo oògùn èébì kí èébì tó dé. Ọ̀pọ̀ ìdílé a máa fi í pamọ́, wọn a ní, "Kò tíì bì, ẹ jẹ́ kí a fi owó pamọ́." Àṣìṣe ni. Ó rọrùn láti ti ilẹ̀kùn kí olè tó wọlé ju kí a lé e jáde lọ. Kí a lo ó ní àkókò tí oníṣègùn kọ sílẹ̀, bí ara aláìsàn tilẹ̀ yá. Bí èébì bá sì ń bá a lọ, kí a sọ fún oníṣègùn, nítorí oògùn mìíràn wà. Ondansetron lè mú kí ìgbẹ́ le. Kí a sọ èyí pẹ̀lú.

ÀWỌN ỌJỌ́ TÍ Ó YẸ KÍ A SÀMÌ SÍ NÍ ORÍ KÀLẸ́ŃDÀ

Kí olùtọ́jú mú kàlẹ́ńdà ilé, kí ó sì sàmì sí ọjọ́ tí a fa oògùn gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ kìíní. Láàrin wákàtí 24 àkọ́kọ́ ni èébì kìíní máa ń dé. Èébì kejì lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì kí ó sì pẹ́ tó ọjọ́ karùn-ún. Èyí ni ó máa ń ya ìdílé lẹ́nu, nítorí wọ́n rò pé ó ti parí. Láti ọjọ́ keje títí dé ọjọ́ kẹrìnlá, ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń bá àrùn jà máa ń lọ sílẹ̀. Ní àkókò yìí kí a ṣọ́ra gidigidi fún ibà. Lẹ́yìn èyí ara a máa padà bọ̀ sípò, títí di ìgbà tí a ó tún fa oògùn. Ọ̀pọ̀ irú oògùn yìí ni a ń fà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta.

Irú èébì kẹta wà tí ń bẹ̀rẹ̀ kí a tó fa oògùn rárá. Ẹni tí ó ti jìyà púpọ̀ nígbà kan lè máa bì bí ó bá ti rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í ṣẹ̀sín. Kí a sọ fún oníṣègùn ṣáájú ọjọ́ náà.

OÚNJẸ ÀTI ÒÓRÙN

Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà púpọ̀ sàn ju àwo ńlá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Ẹ̀kọ tútù, búrẹ́dì gbígbẹ, bisikíìtì, iṣu sísè tí kò ní epo púpọ̀, ìrẹsì funfun díẹ̀, ẹyin tí a sè jinná: ìwọ̀nyí rọrùn fún inú. Ohun tí a din nínú òróró, ata púpọ̀ àti ọbẹ̀ tí epo léfòó sí kò rọrùn. Oúnjẹ tí ó ti tutù kì í rùn tó èyí tí ń gbóná.

Kí a dáná ní ibi tí ó jìnnà sí yàrá aláìsàn. Òórùn epo tí a ń gbóná, fùfú, àti púpurú tí a ń fi èéfín gbẹ, tí ń dùn mọ́ àwọn ènìyàn wa, lè bì í ṣubú ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kí a má sì ṣe gbé oúnjẹ tí ó fẹ́ràn jù lọ fún un ní ọjọ́ tí èébì le, kí ó má baà kórìíra rẹ̀ títí. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó jókòó tàbí kí ó fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Kí ó má ṣe sùn gbalaja.

Atalẹ̀ díẹ̀ nínú omi gbígbóná ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò oògùn, ó sì yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn ṣáájú. Ní ti àgbo, kí a má ṣe fún un ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn ewé àti egbò mìíràn lè ba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè da iṣẹ́ oògùn rú.

Ní ọjọ́ ìrìn-àjò, bóyá a ń gba Ondó lọ sí Ilé-Ifẹ̀, tàbí a ń lọ sí UCH ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1957, kí aláìsàn jẹ oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́ kí ó tó gbéra. Kí a fi í sí iwájú ọkọ̀, kí a ṣí fèrèsé, kí a sì mú àpò ọ̀rá, aṣọ ìnujú àti omi dání.

OMI ÀTI ÌMỌ́TÓTÓ

Ẹni tí kò lè jẹun ní ọjọ́ kan kò ní ti ìyẹn kú, ṣùgbọ́n omi kò gbọdọ̀ tán lára rẹ̀. Kí ó máa mu ún ní ṣíbí ṣíbí. Bí ó bá bì, kí a dúró díẹ̀ kí a tún bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí àpò ìyọ̀ ORS ní ilé, kí a mú omi mímọ́ lítà kan (àpò omi 50cl méjì), ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n tí a fi ọ̀bẹ gé dọ́gba. Ẹni tí ó ní àrùn àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn kíndìnrín níláti béèrè ní ilé ìwòsàn kí ó tó mu ún.

Oògùn náà wà nínú èébì àti ìtọ̀ fún nǹkan bí wákàtí 48. Kí olùtọ́jú wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ó fọ aṣọ tí èébì bá kàn lọ́tọ̀, kí ó sì fi ọṣẹ wẹ ọwọ́. Kí aláboyún má ṣe fọwọ́ kàn án. Oògùn pupa tí ń jẹ́ doxorubicin a máa sọ ìtọ̀ di pupa fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Èyí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

ÀMÌ EWU

Kí a gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, láìdúró de òwúrọ̀, bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá ṣẹlẹ̀: bí ìgbóná ara bá dé ìwọ̀n 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí omi kò bá lè dúró nínú rẹ̀, bí kò bá lè gbé oògùn èébì mì, bí èébì bá ní ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ó dúdú bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, bí ìtọ̀ bá dá, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá já gaara, bí inú bá ń run ún gidigidi. Kí a má ṣe fi parasitamọ́ọ̀lù bo ibà mọ́lẹ̀ kí a tó wọn ìgbóná ara kí a sì pe ilé ìwòsàn.

ÌPARÍ

Àwọn tí ń ka Ìwé Mímọ́ mọ ìtàn wòlíì Èlíjà, ẹni tí ó dùbúlẹ̀ ní abẹ́ igi ní aginjù, tí ó sì béèrè ikú. Áńgẹ́lì tí a rán sí i kò bá a wí pé ó rẹ̀wẹ̀sì. Ó gbé àkàrà kékeré àti ìgò omi kan sí ìhà orí rẹ̀. Nígbà tí Èlíjà jẹ díẹ̀ tí ó sì tún sùn, áńgẹ́lì náà jẹ́ kí ó sùn. Ó sì tún padà wá nígbà kejì, nítorí ó mọ̀ pé ìrìn-àjò náà pọ̀ jù fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí olùtọ́jú ṣe: oúnjẹ díẹ̀, omi díẹ̀, ìsinmi, kí ó sì tún padà wá.

Kí ọmọ inú ilé Odígbó nì gbé àwo iyán náà kúrò. Kí ó gbé ẹ̀kọ tútù díẹ̀ àti ife omi kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí ó wo àkókò oògùn èébì lára ògiri, kí ó sì wí pé, "Ẹ sinmi, ìyá mi. Nígbà tí ẹ bá fẹ́, ó wà níhìn-ín." Kí ó tún sọ gbogbo ohun tí ojú ìyá rẹ̀ rí fún oníṣègùn ṣáájú ọjọ́ oògùn tí ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Díẹ̀díẹ̀ ni aláìsàn pẹ̀lú fi ń dé òpin ìtọ́jú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÍ Ń KẸ́KỌ̀Ọ́

1. Kí ni ìdí tí oògùn jẹjẹrẹ fi ń mú ènìyàn bì?
2. Ìgbà wo ni ó yẹ kí a lo oògùn èébì?
3. Ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo ni kí a ṣọ́ra jù lọ fún ibà?
4. Dárúkọ àmì ewu mẹ́rin tí kò gbọdọ̀ sun ilé di ọjọ́ kejì.