Ọ̀wọ́n Náírà ní Àkókò Ìbò

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Ọ̀gbẹ́ni Godwin Emefiele, tí ó jẹ́ gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, kéde pé a ó pààrọ̀ igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti ẹgbẹ̀rún náírà. Ó ní nínú tírílíọ̀nù 3.23 náírà tí a ń ná ní ilẹ̀ yìí, tírílíọ̀nù 2.73 ni kò sí nínú àpò báǹkì. Ìjọba tún ní ètò náà yóò dín ayédèrú owó kù, kò sì ní jẹ́ kí àwọn olóṣèlú fi owó ra ìbò. Wọ́n dá ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2023 fún òpin owó àtijọ́, wọ́n sì tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Ọjọ́ 25 oṣù Kejì kan náà ni ìbò ààrẹ.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kò sọ pé ayédèrú owó dára. Ìbéèrè wọn ni pé, owó tuntun ha tó èyí tí a ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn bí? Kò tó rárá. Owó tí ó lé ní tírílíọ̀nù mẹ́ta ní oṣù Kẹwàá kò pé tírílíọ̀nù kan mọ́ ní oṣù Kejì. Àjọ IMF, tí ń rí sí ètò owó lágbàáyé, rọ báǹkì náà pé kí ó fi ọjọ́ kún ọjọ́. Ọ̀mọ̀wé Muda Yusuf ṣírò àdánù náà sí ogún tírílíọ̀nù náírà. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣòro láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyà náà hàn sí gbogbo ojú.

Ẹ jẹ́ kí a wo Mowé àti Ìbàfò, ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, àti Ìfọ̀, ní ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ni ó ń wọ ọkọ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó láràárọ̀, owó ọwọ́ ni awakọ̀ sì ń gbà. Alátà ń ra ata lọ́wọ́ àgbẹ̀, àgbẹ̀ ń san owó alágbàṣe, alágbàṣe ń ra gàrí. Bí owó bá tán lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, iṣẹ́ àwọn yòókù dúró. Ata wà lórí àtẹ, ó ń rà. Ẹni tí ó fẹ́ rà á ní owó ní báǹkì, kò rí i gbà. Ẹlòmíràn ń san owó gọbọi fún oní-POS kí ó tó rí owó ara rẹ̀. Ní tèmi, ibí yìí gan-an ni àléébù ètò náà wà: ìyà tí ó jẹ ẹni tí ó kó owó pamọ́ kò tó ti ẹni tí kò ní ju owó oúnjẹ òòjọ́ lọ.

Àkókò ìbò sì tún da ọ̀rọ̀ náà rú. Ní Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní, Bọ́lá Tinúbú, olùdíje ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìjọba fúnra rẹ̀, sọ pé àwọn kan fẹ́ fi ọ̀wọ́n epo àti ọ̀rọ̀ owó ba ìbò jẹ́. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá wí pé ọjọ́ kò tó, ẹgbẹ́ tí ó wà ni a ń kọ́kọ́ bi í.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí a máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún 2023. Nígbà tí àjọ NBS, tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba, gbé ìwé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde, ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé ti rọ̀ láti 3.11 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún tí ó ṣáájú wá sí 2.31. Àjọ náà fúnra rẹ̀ dárúkọ ọ̀wọ́n owó. Iṣẹ́ àgbẹ̀ kò tilẹ̀ dàgbà rárá. Ó fi 0.90 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.