Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Ìpìlẹ̀ Ilé Yín

Nígbà tí a bá rí owó kọ́ ilé, búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ni ọkàn wa máa ń sáré sí. Pláànù, tí ó jẹ́ ìwé kan ṣoṣo, a kì í fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ìlà orí ìwé, rọ́bà ni à ń fi pa á rẹ́. Ògiri tí ó ti gbẹ, owó ni à ń fi wó o.

Ẹ wo ilé púpọ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Ẹ wọlé láti iwájú, ọ̀nà tóóró kan gba àárín kọjá dé ẹ̀yìn. Yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì. Kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ nìyẹn. Ibo ni ó ti wá? Agbo ilé ni àwọn baba wa ń kọ́, tí àgbàlá wà láàárín rẹ̀. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì padà wá sí Èkó láyé àtijọ́ ni wọ́n jẹ́ kí ilé ọlọ́nà-àárín gbajúmọ̀. Nígbà tó yá, Èbúté Mẹ́ta kún. Àwọn Kristẹni Ẹ̀gbá sá wá láti Abẹ́òkúta lẹ́yìn Ìfọ́lé ní 1867, Glover tí ó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà sì fún wọn ní ilẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni rélùwéè dé, tòun ti àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń wá yàrá kọ̀ọ̀kan láti sùn sí. Ilé ọlọ́nà-àárín wá dùn mọ́ onílé: yàrá mẹ́jọ, owó ilé mẹ́jọ.

Àwa kò bá onílé jà. Ilé háyà ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ́ ilé fún ìyàwó àti ọmọ, kí ló dé tí ó fi máa kọ́ ilé háyà fún wọn?

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá wà níbẹ̀, ìyá wà níbẹ̀, ọmọkùnrin méjì, ọmọbìnrin méjì, àti ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn. Bíríkìlà ti ya pláànù fún wọn: yàrá mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12. Ọ̀nà àárín fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5, ó gùn ní 48. Ilé ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́ wà lẹ́yìn, ní ìkangun àgbàlá.

Ẹ bá wa ṣírò. 5 lọ́nà 48 jẹ́ 240. Yàrá kan, 10 lọ́nà 12, jẹ́ 120. Nítorí náà ọ̀nà tí a kàn ń gbà kọjá ti jẹ yàrá méjì! A ó ra sìmẹ́ǹtì rẹ̀, a ó kan páànù lé e lórí, ẹnikẹ́ni kò sì ní sùn níbẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè tún un ṣe? Ìwọ̀n ilé kò ní yí padà. Ẹ fi yàrá méjèèjì iwájú àti ọ̀nà tó wà láàárín wọn ṣe palọ̀ kan, kí fèrèsé wà ní apá mẹ́ta rẹ̀. Ẹ̀yìn palọ̀ ni ọ̀nà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Lápá ọ̀tún, ẹ má kọ́ yàrá tó tẹ̀ lé palọ̀ rárá. Ẹ fi í sílẹ̀ gbayawu, kí ó di àgbàlá kékeré tí ó ṣí sí ẹ̀gbẹ́ ilé, kí omi òjò lè ṣàn jáde. Àwọn kan yóò ní a fi ilẹ̀ ṣòfò. Rárá o. Láti ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yóò ti wọ ọ̀nà, yàrá àwọn ọmọbìnrin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì ní fèrèsé lápá méjì. Afẹ́fẹ́ kì í wọ ibi tí kò ti rí ọ̀nà jáde. Bí ẹnì kan bá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kì í gbà kọjá, ó rọrùn fún un láti kó o ran àwọn tí wọ́n jọ ń sùn. Ní 1924, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ilé tí ó há tí ó sì ṣókùnkùn wà lára ohun tí wọ́n dá lẹ́bi. Èyí ló mú kí ìjọba dá LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe.

Lápá òsì, yàrá bàbá àti ìyá kọjú sí àgbàlá kékeré náà. Ẹ ṣe ihò afẹ́fẹ́ sókè ilẹ̀kùn rẹ̀. Yàrá tó tẹ̀ lé e kò ní ju fèrèsé apá kan lọ. Ihò òkè ilẹ̀kùn ni ìrànlọ́wọ́ tí a lè ṣe fún un. A fi í fún àwọn ọmọkùnrin, tí wọn kì í kúkú gbélé.

Ó ku ẹ̀yìn. Ìyá àgbà gba igun òsì, ilé ìdáná gba igun ọ̀tún. Ẹ dá ọ̀nà dúró láàárín wọn, kí ẹsẹ̀ bàtà 8 tó kù di ilé ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́. Ọ̀nà tó gùn ní 48 ti di 28. Ọ̀pá omi kò ní gùn, torí ibì kan náà ni gbogbo omi wà. Ìyá àgbà kò sì ní gba inú òjò kọjá lóru mọ́.

Ní Èkó, láti apá òkun, gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń fẹ́ wá. Bí ojú ilé bá kọ sí gúúsù, igun ọ̀tún ẹ̀yìn yìí ni èéfín yóò ti bá afẹ́fẹ́ lọ láìwọ yàrá. Bí ilẹ̀ yín bá kọjú síbòmíràn, ẹ yí ilé ìdáná padà. Ẹ fi ilẹ̀kùn kejì síbẹ̀ kí ẹ lè rí ibi sá gbà bí iná bá ṣẹ́. Irin ojú fèrèsé kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ìta gbangba ni, jìnnà sí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ń pani lójú oorun.

Ẹ má fi bíríkìlà nìkan ṣe é o. Kí ayàwòrán ilé àti ẹnjiníà wò ó, kí LASPPPA ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2022 ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó ní òpópónà Ìbàdàn, ní Èbúté Mẹ́ta níbí, ẹ̀mí sì bá a lọ.

Kí ẹ tó pe àwọn agbẹ́lẹ̀, ẹ kan èèkàn mọ́lẹ̀, kí ẹ fi okùn ta gbogbo yàrá bí ó ṣe wà nínú pláànù. Ẹ tẹ́ ẹní sí yàrá ìyá àgbà. Kí màmá dùbúlẹ̀, kí wọ́n dìde, kí wọ́n rìn dé ibi tí ilé ìyàgbẹ́ yóò wà. Bí ẹsẹ̀ wọn bá kọ okùn, ẹ sún okùn náà.