Piriton Alẹ́, Oorun Òwúrọ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Mile 12 àti Ìkòsí, bí omi Odò Ògùn bá wọlé tó sì tún fà, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni ògiri àti fóòmù lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ohun dúdú tàbí funfun tó ń hù yìí ló ń mú ọ̀pọ̀ wa sín, tí imú ń ṣomi, tí ojú ń yún. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń lo Piriton kí wọ́n tó sùn.

Kí ni oògùn yìí ń ṣe?

Chlorpheniramine ni oògùn inú rẹ̀. Ó ń dín sísín àti yíyún kù, ó sì ń múni sùn. Ṣùgbọ́n kì í tètè kúrò lára: lẹ́yìn wákàtí 12, ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì lè wà níbẹ̀. Bí orí bá wúwo lówùúrọ̀, tí ẹnu gbẹ, tí ẹ ń tòògbé, ó lè jẹ́ oògùn àná ló ṣì ń ṣiṣẹ́.

Kí ló yẹ ká ṣe?

• Kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà má ṣe jáde bí oorun bá ṣì ń kùn ún. Ẹ bi apòògùn nípa loratadine, tí kì í sábà múni sùn.

• Ẹ má lò ó pẹ̀lú ọtí tàbí paraga. Ẹ ka ara páálí oògùn ọ̀fìnkìn: chlorpheniramine wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, kí ẹ má baà lò ó ní ìlọ́po méjì.

• Ẹ má fún ọmọdé nítorí kó lè sùn. Kí àgbàlagbà tí ìtọ̀ ń ṣòro fún kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì.

• Lálẹ́ tí òjò bá ṣú, kí gbogbo àgbà inú ilé má lò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Omi lè dé lóru. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó lè tètè jí.

Oògùn kì í fọ ògiri

Bí ẹ bá ń lo oògùn tí ẹ ṣì ń sín láràárọ̀, ẹ wo yàrá tí ẹ ń sùn. Ẹ kó fóòmù tó ti mumi dànù. Ẹ bo imú, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ògiri, ẹ ṣí fèrèsé kó gbẹ.

Bí mímí bá nira, tí àyà ń súfèé, tàbí tí ètè àti ojú wú, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ pe 767 tàbí 112 lójú ẹsẹ̀.