Ìdìde, Ìgbòòrò àti Ìṣubú Ìjọba Mùsùlùmí ní Kanem àti Borno

 

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 14 oṣù Júláì, ọdún 1884, ni Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, ta àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ìlú Duala, lẹ́yìn tí ọba Bell àti ọba Akwa ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Jámánì. Ní Bonanjo, tí í ṣe àdúgbò àwọn Bell, ni àwọn Jámánì kọ́ ilé ìjọba wọn sí. Nígbà tí Nachtigal kú lójú omi ní ọdún 1885, wọ́n sin ín sí èbúté mìíràn, lẹ́yìn náà ni wọ́n hú òkú rẹ̀ wá sí iwájú ilé ìjọba náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi ọkàn sí ni pé ọkùnrin yìí kì í ṣe àjèjì sí ìjọba Mùsùlùmí. Ní ọdún 1870, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti Tripoli dé Kukawa, olú-ìlú Borno, ó sì kó ẹ̀bùn ọba Prussia lé Shehu Umar lọ́wọ́. Àlejò tí ń wá ojú rere ni ó jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sí i, Jámánì, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti ń pín ilẹ̀ Borno láàrin ara wọn.

Báwo ni ìjọba tí ó ti wà nínú Ìsìláàmù fún nǹkan bí 800 ọdún ṣe di ohun tí àjèjì ń pín? Ìbọn òyìnbó nìkan kò tó ìdáhùn. Ìmọ̀ àti òfin ni ó gbé ìjọba náà ró. Ìjà Mùsùlùmí sí Mùsùlùmí ni ó sì jẹ ẹ́ níhun kí òyìnbó tó dé.

Ìdìde

Ìhà ìlà-oòrùn adágún Chad ni Kanem wà. Ìdílé Sayfawa ni ó ń jọba níbẹ̀, Mai sì ni orúkọ oyè ọba wọn. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkànlá ni Mai Humai di Mùsùlùmí. Ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní mahram fi hàn pé ọba yọ ìdílé àlùfáà rẹ̀, Muhammad ibn Mani, kúrò nínú owó orí àti iṣẹ́ ogun, kí wọ́n lè gbájú mọ́ ẹ̀kọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ààfin ti mọ̀ pé ìmọ̀ kò lè dúró bí a kò bá dáàbò bo onímọ̀.

Òwò ọ̀nà Fezzan sí Tripoli ni ó fún ìjọba náà lówó: ẹṣin àti aṣọ ń bọ̀ láti àríwá, ẹrú sì ń lọ láti gúúsù. Kò yẹ kí a fi èyí pamọ́, nítorí òwò ẹrú náà padà wá di ìyọnu fún Borno.

Ìgbòòrò

Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, lábẹ́ Mai Dunama Dibbalemi, agbára Kanem gbòòrò dé ìhà Fezzan. Ní nǹkan bí ọdún 1242, àwọn ará Kanem ní ilé ẹ̀kọ́ mazhab Màlíkì tiwọn ní Fustat, ní ìlú Kairo, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Madrasat Ibn Rashiq. Ibn Khaldun ṣàkọsílẹ̀ pé ní ọdún 1257, ọba Kanem fi àgùnfọn ránṣẹ́ sí ọba Tunis. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni àwọn Mongol pa Baghdad run. Nígbà tí ìjọba Abbasid ń wó lọ́hùn-ún, ti Kanem ń gòkè.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọba bẹ̀rẹ̀ sí bá ara wọn jà, àwọn Bulala sì gbógun dìde. Ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá, àwọn Sayfawa fi Kanem sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí Borno, ní ìwọ̀-oòrùn adágún náà. Ní àkókò yìí ni Mai Uthman ibn Idris kọ lẹ́tà sí Sultan Barquq ní Íjíbítì, èyí tí al-Qalqashandi tọ́jú sínú ìwé rẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn Mai ni pé àwọn Lárúbáwá Judham ń kó àwọn Mùsùlùmí olómìnira lẹ́rú ní Borno. Ó bẹ Sultan pé kí ó wá wọn rí nínú ọjà ilẹ̀ rẹ̀, kí ó sì dá wọn sílẹ̀.

Ìjọba náà tún sọjí. Mai Ali Gaji tẹ Ngazargamu dó ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Mai Idris Alooma gba àwọn oníbọn Tọ́kì síṣẹ́, ó fi ìdájọ́ sàríà lé àwọn adájọ́ onímọ̀ lọ́wọ́, ó sì lọ sí haji. Imam Ahmad ibn Furtu ni ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀.

Ìṣubú

Ní ọdún 1808, àwọn ajagun jihad Shehu Uthman dan Fodio gba Ngazargamu. Jihad yìí kan náà ni ó bí ìjọba Modibbo Adama, tí ó tàn dé àríwá Kamẹrúùnù, àti ti Ìlọrin ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó gba Borno sílẹ̀ ni àlùfáà Muhammad al-Amin al-Kanemi. Bí ó ti ń jagun ni ó ń kọ lẹ́tà sí Sókótó. Ó béèrè pé kí ni ẹ̀rí tí a fi pe odidi ilẹ̀ Mùsùlùmí ní kèfèrí, nígbà tí kò sí ìlú tí ẹ̀ṣẹ̀ kò sí? Muhammad Bello fèsì pé Borno ran àwọn ọba Haúsá lọ́wọ́ láti bá àwọn onígbàgbọ́ jà, àti pé ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti pa ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ wọn. Bello fúnra rẹ̀ kó àwọn lẹ́tà náà sínú ìwé Infaq al-Maysur.

Ilé kò rójú láti ìgbà náà. Ní ọdún 1846, àwọn tí ó fẹ́ dá agbára Mai padà pe ọmọ ogun Wadai wá. Shehu Umar, ọmọ al-Kanemi, ṣẹ́gun wọn, ìran Sayfawa sì parí lórí oyè. Ní ọdún 1893, Rabih kógun ti Borno, ó sì run Kukawa. Ní ọjọ́ 22 oṣù Épírì, ọdún 1900, àwọn Faransé pa Rabih ní Kousseri, tí ó wà ní Kamẹrúùnù lónìí. Àwọn ọmọ ogun Baghirmi, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, wà lẹ́yìn Faransé lọ́jọ́ náà, nítorí Rabih ti ba ilẹ̀ wọn jẹ́. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ni pé agbára a máa yí lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí Sūratu Āli ‘Imrān ẹsẹ 140 ti kọ́ àwọn onígbàgbọ́. Ìmọ̀ ni kì í bá ìjọba lọ. Ngazargamu ti di àwókù, ṣùgbọ́n àwọn Àlùkùráànì tí àwọn àlùfáà Borno fi èdè Kanembu àtijọ́ túmọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ṣì wà títí di òní.

Ẹ̀kọ́ kejì wúwo jù ú lọ. Ìbéèrè al-Kanemi kò tíì kúrò nílẹ̀. Láti ọdún 2009 ni ẹgbẹ́ tí ayé mọ̀ sí Boko Haram ti ń fi orúkọ kèfèrí pe Mùsùlùmí ní Borno, tí wọ́n sì ń pa wọ́n. Láti ọdún 2014, iná náà ti ràn wọ ìhà àríwá Kamẹrúùnù, àgbègbè tí Kousseri wà gan-an. Al-Kanemi àti Bello jagun, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì gbà pé ẹ̀rí láti inú ìwé ni a fi ń dáhùn irú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì fi èrò wọn sílẹ̀ kí onímọ̀ mìíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àlùfáà tí ó bá fi ẹnu lásán lé Mùsùlùmí kúrò nínú ẹ̀sìn lórí mímbárì kò tíì ṣe ìdajì iṣẹ́ tí àwọn àgbà wọ̀nyí ṣe, ẹ̀jẹ̀ tí ó lè ti inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde kò sì kéré sí ti ìgbà wọn.

Ọlọ́run ni ó mọ̀ jùlọ.